Okùn wo ló yẹ béèsì àkọ́kọ́? Ìfiwéra fún ẹni tó ń kọ́ gìtá béèsì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá béèsì kì í bèèrè okùn. Kọ́ḿbò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ló máa ń bèèrè, tàbí pẹ́dà, tàbí àpò tí yóò fi gbé e lọ sí rìhásà. Okùn ti wà lórí gìtá nígbà tó rà á, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ béèsì tí à ń rí rà níbí, bí kò bá jẹ́ tòkunbọ̀, tuntun olówó pọ́ọ́kú ni. Okùn ara tòkunbọ̀ ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Okùn ara tuntun olówó pọ́ọ́kú náà, èyí tí kò wọ́n ilé-iṣẹ́ lówó ni wọ́n fi sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa tẹ̀ ẹ́, ìka á máa ta á, ohùn ò ní í jáde, á sì gbà pé òun ni kò ní ẹ̀bùn.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ béèsì olókùn mẹ́rin, tí yóò máa ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó ra roundwound oníníkẹ́lì (okùn tí wọ́n fi wáyà roboto wé), ìwọ̀n ìnípọn 45 sí 100, ti béèsì gígùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀lé mi lórí èyí, mo máa dárúkọ wọn bí mo bá ṣe ń kan ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wọn béèsì yín ná

Béèsì gígùn wà, kúkúrú wà, okùn wọn kò sì rọ́pò ara wọn dáadáa. Ẹ mú téèpù télọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti nut, ìyẹn ègé funfun tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn gìtá kó tó kan èèkàn, dé orí fret kejìlá (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), èyí tó sábà máa ń ní àmì méjì. Bí ẹ bá bá ínṣì 17, béèsì gígùn nìyẹn, oní-ínṣì 34. Bó bá jẹ́ 15, kúkúrú ni, oní-30. Oní-32 tó wà láàárín kì í wọ́pọ̀. Lára páálí okùn, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ long scale, medium scale tàbí short scale.

Okùn kúkúrú kò ní í dé orí èèkàn béèsì gígùn, owó gbé nìyẹn. Okùn gígùn máa ń dé lórí béèsì kúkúrú, ṣùgbọ́n ibi tó nípọn lára okùn E, èyí tó nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni yóò lọ́ mọ́ èèkàn, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọn sì lè tú níbẹ̀. Ẹ tún yí béèsì yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí okùn bá ń gba inú ihò láti ẹ̀yìn pákó wọlé, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà, nítorí irú èyí ń fẹ́ okùn tó tún gùn díẹ̀ sí i.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ta okùn gìtá líìdì fún yín pé "gìtá náà ni gbogbo ẹ̀." Nínú páálí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún líìdì, èyí tó nípọn jù kì í ju 46 lọ. Lórí béèsì, 45 ni a sábà máa ń fi ṣe èyí tó tín-ín-rín jù.

Roundwound àti flatwound

Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù láàárín àwọn oníbéèsì, ibí náà sì ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

Gbogbo okùn béèsì ló ní irin kan ní àárín. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin yẹn ló ń mú kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí wáyà náà bá rí roboto, roundwound ni. Ẹ fi èékánná fà á, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha. Bí wáyà náà bá pẹlẹbẹ, flatwound ni. Ara rẹ̀ ń dán, èékánná á kàn yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni.

Tẹ́lẹ̀, flatwound ló gbòde. Ní 1966 ni John Entwistle, oníbéèsì ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì The Who, àti ilé-iṣẹ́ Rotosound ní England jọ ṣiṣẹ́ lórí okùn roundwound títí ó fi dún bó ṣe fẹ́ kó dún, kedere láti okùn E dé G, bíi ti pianó. Láti ìgbà náà ni roundwound ti gba ọjà, òun sì ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀.

Ní ti ohùn, roundwound tuntun ń han gooro. Ẹ ó gbọ́ ìka tó ń kàn án, ẹ ó gbọ́ fret, bí ẹ bá sì fa ọwọ́ lórí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo fífà náà pẹ̀lú. Flatwound ń dún gbìì, ó jinlẹ̀, kì í pẹ́ kó tó dákẹ́, kò sì ní ariwo ìka. Fún orin ìwé, fún háílàìfù àtijọ́ àti fún jùjú tí béèsì kàn ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ gìtá àti gángan, mo fẹ́ràn flatwound jù, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní láti gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀. Roundwound kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: bí ìka yín kò bá tẹ okùn délẹ̀, yóò sọ ọ́, bí ẹ bá gbàgbé láti fọwọ́ pa okùn tí ẹ kò lò, ẹ ó gbọ́ tó ń dún lọ. Flatwound á bá yín bo èyí tó pọ̀ nínú ìyẹn, ohun tó wu oníṣẹ́ nìyẹn, kò sì dáa fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ bí iná ṣe ń rí nílùú yìí. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, béèsì tí ẹ kò lè so mọ́ kọ́ḿbò di pákó lásán, àyàfi bí okùn rẹ̀ bá lè dún díẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú yàrá tó dákẹ́, roundwound ń dún tó kí ẹ lè gbọ́ ohun tí ẹ ń ṣe láìsí iná. Flatwound kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ń fi òru kọ́ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Àwọn ará yàrá kejì náà kò ní í bá a jà.

Ọ̀rọ̀ kọ́ḿbò náà kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Okùn E tí a kò tẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ́ḿbò kékeré tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kò lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa, agbọ́hùnjáde oníwo tí wọ́n gbé sórí òrùlé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ohun tí etí ìjọ ń gbọ́ ni àwọn ohùn kéékèèké tó wà lókè ohùn E yẹn, ní 82, ní 123 àti ní 164, etí wa á sì fi wọ́n mọ ohùn tí kò sí níbẹ̀. Roundwound ní àwọn ohùn òkè wọ̀nyí lọ́pọ̀lọpọ̀, flatwound kò ní tó o. Ìdí nìyẹn tí oníbéèsì fi lè fi flatwound dárà nínú gbọ̀ngàn tó ní spíkà ńlá, kí ó wá dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ní Arówómọlé kí olórí akọrin máa wò ó pé ṣé ó ń ta á àbí kò ta á.

Ní ti ìka, flatwound kò ha ọwọ́, roundwound ń ha á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí èyí sọ pé flatwound ló rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé ọ̀pọ̀ flatwound le ju roundwound tí ìnípọn wọn jọ dọ́gba lọ. Ìka kò ní í bó, ọrùn ọwọ́ ló máa rẹ̀ yín. Ti roundwound, orí ìka á ta yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè yọ ìléròrò, lẹ́yìn náà awọ ibẹ̀ á yi, ó tán.

Ní ti owó àti pípẹ́, flatwound sábà máa ń tó ìlọ́po méjì owó roundwound. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kọjá àfẹnusọ. James Jamerson, tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin ilé-iṣẹ́ àwo orin Motown ní Detroit, lo flatwound La Bella tó nípọn, 52 sí 110, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pààrọ̀ okùn àyàfi bó bá já. Roundwound ní tirẹ̀ máa ń pàdánù híhan rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, ó sinmi lórí bí ọwọ́ yín ṣe ń làágùn tó. Kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé okùn tó ti dákẹ́ díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Nítorí náà, ta ni kó ra flatwound fún ìgbà àkọ́kọ́? Ẹni tó ti dàgbà, tó mọ̀ pé orin ìwé àti háílàìfù ni òun fẹ́, tó ní kọ́ḿbò tó dára nílé. Ẹni tí béèsì rẹ̀ kò ní fret náà, nítorí roundwound á máa jẹ pákó ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ń fẹ́ gbá slap (kí ó máa fi àtàǹpàkò gbá okùn), tó ń wo àwọn oníbéèsì ìyìn lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ó jìnnà sí flatwound.

Half round wà láàárín àwọn méjèèjì: roundwound ni wọ́n kọ́kọ́ wé, kí wọ́n tó lọ ojú rẹ̀ kó lè tẹ́. Kò burú, àmọ́ ẹ kì í tètè rí i rà.

Tapewound, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú bò, ń rọ ìka lọ́rùn gan-an ni, ohùn rẹ̀ sì jọ ti béèsì ńlá tí wọ́n ń nà dúró. Ìṣòro rẹ̀ níbí ni jẹnẹrétọ̀. Ariwo "hùùù" tí gìtá máa ń pa nínú kọ́ḿbò sábà máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá kan irin okùn, torí pé okùn ti so mọ́ wáyà ilẹ̀ (earth) inú gìtá. Ọ̀rá kò jẹ́ kí ọwọ́ kan irin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wáyà iná rẹ̀ kò gún, ẹ ó máa gbọ́ ariwo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù dé ìparí. (Bó bá sì jẹ́ pé iná ń gbé yín nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn tí ẹnu yín sì kan makirofóònù, ọ̀rọ̀ okùn kọ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ yọ wáyà, ẹ pe oníná.)

Níkẹ́lì, irin tí kì í dípẹtà, àti èyí tí wọ́n kun

Bí ẹ bá ti mú roundwound, ẹ ó tún rí i pé wáyà tí wọ́n wé kò dọ́gba. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni irin tí wọ́n fi níkẹ́lì bò lára: nickel plated ló máa wà lára páálí. Èkejì ni stainless steel. Stainless ń han ju níkẹ́lì lọ, òógùn kì í tètè bà á jẹ́, àwọn tó ń gbá slap fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó le sí ìka, ó sì tètè ń jẹ fret. Lórí béèsì olówó ńlá, ẹ lè pààrọ̀ fret lọ́jọ́ kan. Lórí béèsì àkọ́kọ́, owó pípààrọ̀ fret lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó béèsì fúnra rẹ̀, ta ni yóò san án? Níkẹ́lì ni kí ẹ mú.

Àwọn okùn kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn kí òógùn àti eruku má baà wọnú wọn, ti Elixir ló lórúkọ jù. Wọ́n ń pẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì wọ́n lóòótọ́. Mo lè gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn púpọ̀ nímọ̀ràn pé kó rà á, ẹni tí okùn rẹ̀ máa ń dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ìyókù, aṣọ òwú tí ó mọ́ kan nínú àpò gìtá, tí ẹ ó fi nu okùn lókè àti lábẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta á, yóò ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni. Béèsì tí wọ́n fi há ògiri ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú láìsí àpò ń jẹ ìyà méjèèjì.

45, 50 tàbí 40

Nọ́ńbà ara páálí jẹ́ ìnípọn okùn ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì. 45 túmọ̀ sí ínṣì 0.045, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà kan. 100 jẹ́ mìlímítà méjì ààbọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti okùn G tó tín-ín-rín jù, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti E.

Onígángan ni yóò tètè lóye ìdí tí ìnípọn fi kan ìka yín. Bó bá fún ọsán, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Okùn tó nípọn wúwo, ohùn rẹ̀ fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Kó tó lè bá èyí tó tín-ín-rín pàdé ní ohùn E kan náà, a ní láti fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífún yẹn ni ìka yín ń bá jà.

Àwọn ìwọ̀n tí ẹ sábà máa rí nìyí:

40-60-75-95: ó rọ̀ jù nínú wọn. Ó dáa fún ọwọ́ kékeré àti fún slap. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi agbára fà á á máa gbọ́ tí okùn ń kan fret, ìyẹn sì ni àṣà gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

45-65-80-100: èyí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. D'Addario pe tirẹ̀ ní EXL170, Ernie Ball pe tirẹ̀ ní Super Slinky.

45-65-85-105: ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀, òkè rẹ̀ rọ̀. EXL165 ni ti D'Addario, Hybrid Slinky ni ti Ernie Ball. Bí ẹ kò bá rí 45-100, ẹ mú èyí láìbẹ̀rù.

50-70-85-105: ó le. Ẹ ṣọ́ra, òun ni Ernie Ball kọ Regular Slinky sí lára, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé Regular ni ti gbogbo èèyàn. Ó dára, ohùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn tí mo máa fi lé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́wọ́.

Ohun kan wà tó yí ètò yìí padà, ìyẹn béèsì kúkúrú. Okùn kan náà, ní ohùn kan náà, lórí béèsì oní-30 kò le tó bó ṣe le lórí oní-34. Ó fi díẹ̀ lé ní ìdá márùn-ún kan rọ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, òbí tó ra béèsì kúkúrú fún ọmọ, kó má tún fi 40 sí i. Okùn yẹn á rọ̀ jù, á máa gbọ̀n káàkiri. 45-105 tàbí 50-105, tí wọ́n kọ short scale sí lára, ló yẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn béèsì olókùn márùn-ún, nítorí àwọn oníbéèsì ìyìn tí wọ́n ń wò, òun ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bó bá jẹ́ òun lẹ rà, 45 sí 130 ni kí ẹ béèrè, kí B rẹ̀ má sì dín sí 125. B tó tín-ín-rín jù kì í dún ketekete, ó kàn ń kùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gba ẹni tó ní kí ẹ kó okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nínú márùn-ún yẹn sórí béèsì olókùn mẹ́rin. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi fáìlì fẹ ojú nut kí 130 tó lè jókòó síbẹ̀, ojú tí wọ́n bá sì ti fẹ̀ kò ṣeé dá padà.

Ojúlówó àti ayédèrú, tuntun àti èyí tí wọ́n sè

Ayédèrú okùn pọ̀ lọ́jà, ti D'Addario àti Ernie Ball ni wọ́n sì máa ń ṣe jù, torí àwọn ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ wo ìtẹ̀wé ara páálí bó bá ṣá, tí lẹ́tà rẹ̀ kò sì mọ́. Okùn D'Addario tòótọ́ wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan sì wà tí ẹ lè tẹ̀ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹlòmíràn bá ti lo nọ́ńbà yẹn tàbí tí ìkànnì kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi okùn sórí gìtá, ayédèrú á fi ara rẹ̀ hàn: ohùn rẹ̀ kò ní í bára mu láti okùn kan dé èkejì, ohùn fret kejìlá kò ní í gún bó ti wù kí ẹ tún ìdí gìtá ṣe tó.

Ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, láàárín ayédèrú tó lórúkọ ńlá àti ojúlówó tí orúkọ rẹ̀ kò dún, èwo ni kéèyàn mú? Ẹ mú èkejì. Okùn tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan fi orúkọ ara rẹ̀ sí lára ṣì ní ẹni tí ẹ lè bá wí.

Nílùú tí wọ́n dá sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, tí wọ́n sì ń kọ́ èèyàn ní orin ìjọ níbẹ̀ títí dòní, okùn béèsì kò ṣọ̀wọ́n pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn oníbéèsì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibi tí wọ́n ti ń rà. Bí ẹ bá yí Tákì ká tí ẹ kò rí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 50-105 rọ́pò rẹ̀ fún yín nítorí pé òun ló wà nílẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà. Ẹ ya fọ́tò páálí tí ẹ fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, kí ó ya ti ọwọ́ rẹ̀ padà sí yín, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó ní kó fi wébíìlì gbé e wá. Owó rẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́ torí pé láti òkè òkun ló ti ń wá, nítorí náà ẹ má fi iye tí ẹnìkan rà á lọ́dún tó kọjá bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn àgbà oníbéèsì máa ń se okùn. Wọ́n á tú u, wọ́n á sè é nínú omi, wọ́n á gbẹ ẹ́ dáadáa, á tún han padà. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, torí ìdọ̀tí tó wà láàárín wáyà ló jáde. Ṣùgbọ́n híhan yẹn kì í pẹ́, omi tó bá sì kù nínú rẹ̀ á sọ ọ́ di onípẹtà láti inú wá. Okùn tí ẹ tú, tí ẹ tún lọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tún lè kán níbi tó ti tẹ̀. Ó tọ́ fún ẹni tí kò rówó okùn tuntun lóṣù yìí. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí okùn "àlòkù tó ṣì dáa."

Nígbà tí ẹ bá ń fi sí i

Ẹ má tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọrùn gìtá ti mọ agbára tí okùn mẹ́rin fi ń fà á. Bí gbogbo wọn bá kúrò, ó lè tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sí i.

Ẹ na okùn dé èèkàn rẹ̀, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10 sí 12 kọjá rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹ fẹ́ gé kí ó dúró ní igun, kí ẹ tó gé e lẹ́yìn ibi tó tẹ̀. Bí ẹ bá gé e láìtẹ̀ ẹ́, wáyà òde lè tú lórí irin àárín, okùn náà á sì dákẹ́ pátápátá. Ti flatwound ló burú jù. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ ihò àárín èèkàn, kí ẹ lọ́ ọ sísàlẹ̀, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan má gun orí èkejì. Ẹ fi fóònù tún ohùn rẹ̀ ṣe, ẹ rọra fi ọwọ́ fà á sókè ní àárín, ẹ tún ohùn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Yóò máa sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe àléébù.

Bí ìnípọn okùn tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ọrùn gìtá á yí padà díẹ̀. Ẹ fi ìka kan tẹ okùn E ní fret kìíní, kí ẹ fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn ní nǹkan bíi fret keje. Bí káàdì ìkésíni ìgbéyàwó bá lè wọ ibẹ̀ láìfún, tí kò sì tún ṣẹ́kù púpọ̀, ó dáa. Bí kò bá sí àlàfo rárá, tàbí tí àlàfo náà pọ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí irin inú ọrùn ni kí ẹ gbé e lọ bá, kí ó sì yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wò ó bí ọyẹ́ bá dé, torí pákó á gbẹ, okùn tí kò kan fret nígbà òjò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án.

Èyí tí ẹ tú kúrò, bí kò bá tíì já, ẹ nù ún, ẹ ká a, ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ọ̀rá, kí ẹ fi sínú àpò gìtá. Okùn béèsì kì í sábà já, ṣùgbọ́n bó bá máa já, alẹ́ Sátidé tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì ni. Ti G àti D ni kí ẹ tọ́jú jù, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ tó ń kọ́ slap ló ni béèsì náà.